Ọmọ tí ìlú kọ̀: ta ni ó yẹ kí ó rìn lọ bá ta?

Òǹkọ̀wé Kétu

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ gígùn kan ní èdè Yorùbá, tí mo gbé kalẹ̀ sínú ayé kan tí kò sí níbikíbi àfi nínú ọkàn mi, mo sì ti kọ ọ́ dé orí tí ó kẹ́yìn kí n tó rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dá sí i, nítorí pé àwọn tí ń kọ irú ìtàn báyìí ní èdè wa lápá ìhín kò pọ̀. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ fi ń kọ tiwọn.

Ìdí-Iná ni ìlú tí ìtàn náà dá lé. Iná kan wà ní àárín ọjà ibẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ó kú, gbogbo ọmọ tí ó bá sì pé ọdún 7 ni wọ́n máa ń mú lọ síwájú rẹ̀ lóru, kí tẹrú tọmọ lè rí òjìji rẹ̀ lára ògiri ààfin. Àṣàkẹ́ dúró níwájú iná, ògiri náà mọ́ kedere, òjìji kankan kò sí níbẹ̀. Láti òru ọjọ́ náà ni ó ti di ọ̀kan nínú àwọn aláìlójìji, àwọn tí ìlú gbà pé ẹ̀mí wọn kò bá wọn dé láti ọ̀run. Aláìlójìji kì í rìn lọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ odò ni ó ti ń pọn omi, kò sì sí ẹni tí í bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ títí ó fi di ọmọ ọdún 13. Nígbà tí ìyá náà kú, ó wọ igbó lọ, ó sì bá oníyọ̀ kan pàdé tí kò ní ìlú, àti iwin arúgbó kan tí ń jẹ ohùn ènìyàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rìn jìnnà.

Wàyí o, ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní Ajójìji, òjìji ènìyàn ni ó sì fi ń mú un. Nígbà tí ó kọlu Ìdí-Iná, àwọn aláìlójìji nìkan ni kò rí mú. Àṣàkẹ́ padà wálé, ó pa ẹranko náà, ọba fi í joyè, ìlú bẹ́ sí ijó, ìtàn parí. Inú mi dùn sí i gidigidi títí ọ̀rẹ́ mi kan fi kà á, tí ó sì bi mí léèrè pé: "Àwọn aláìlójìji yòókù ńkọ́, àwọn tí kò lè pa ẹranko?" N kò rí èsì kan fọ̀. Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni ẹni tí ayé kọ̀ ṣe lè di ọmọ ìlú nínú ìtàn láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ akin ra ipò náà? Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ó padà wálé rárá?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú làálàá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti ka àròkọ àwọn ọmọdé lórí ọmọ òrukàn tí ó di ọba débi pé mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti máa ń yẹ̀. Orí ìkẹyìn ni o ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n lójú tèmi, orí kìíní ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. O sọ ohun tí ìlú ń ṣe sí àwọn aláìlójìji. O kò sọ ẹni tí ń jẹ nínú rẹ̀. Ìkà ọkàn nìkan kò tó láti gbé ẹ̀tanú ró láti ìran dé ìran, ó gbọ́dọ̀ ní àwọn tí ń bomi rin ín. Ìdílé wo ni ó ń tọ́jú iná ọjà yẹn, kí ni yóò sì kù nínú iyì wọn bí òjìji kò bá já mọ́ nǹkan mọ́? Ta ni ó ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tí kò fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ òun dé iwájú iná? Bí àwọn aláìlójìji bá jẹ́ ẹni tí kì í rìn lọ́sàn-án, ta ni ó ń lò wọ́n fún iṣẹ́ òru tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe, èló ni ó sì ń san fún wọn? Nígbà tí o bá dáhùn àwọn wọ̀nyí, wàá rí i pé Ìdí-Iná kì yóò lè yí ọkàn padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, kódà bí Àṣàkẹ́ bá pa ogún ẹranko.

Ohun kejì ni pé àmì ara kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ohun tí òun jẹ́. Ènìyàn ni ó ń túmọ̀ rẹ̀. Wo ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ jáde wá sáyé. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, Ìgè ni, ó mú orúkọ rẹ̀ láti ọ̀run wá, a sì ń ki í ní oríkì bí a ti ń ki Dàda àti Àjàyí. Ṣùgbọ́n bí o bá gba ọ̀nà àríwá orílẹ̀-èdè wa yìí kan náà dé agbègbè Borgou, láàárín àwọn ẹ̀yà Baàtọ́nù, ọmọ tí ó bá wá báyẹn, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ hù, àjẹ́ ni àṣà àtijọ́ kà á sí. Wọ́n a máa pa òmíràn, wọ́n a sì máa fi òmíràn fún àwọn Fúlàní kí wọ́n mú un lọ. Ẹsẹ̀ kan náà ni ó kọ́kọ́ jáde nínú ìyá. Ọ̀tọ̀ ni orin tí wọ́n fi pàdé rẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ kí Àṣàkẹ́ rìn dé ìlú kan, bí ó tilẹ̀ ṣe ọjọ́ díẹ̀ péré, níbi tí àìlójìji ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ ki.

Má sì jẹ́ kí a máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ìgbà kan wà tí ẹ̀rù ìbejì ń ba àwọn baba wa, tí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá sì ń pa wọ́n. Ìtàn kan wà tí ó so ìyípadà náà mọ́ Àjàṣẹ́ wa yìí, òmíràn sì sọ ti àgbẹ̀ kan ní Ìṣokùn tí ń pa ẹdun nínú oko rẹ̀, tí àwọn ẹdun náà sì wá sílé rẹ̀ bí ìbejì, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n ń padà wá, títí babaláwo fi sọ fún un pé kí ó ṣíwọ́ pípa ẹdun, kí ó sì máa kẹ́ àwọn ọmọ náà. Lónìí, gbogbo wa ni a ń kọrin Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Wò ó dáadáa: kò sí ìbejì kankan tí ó ṣe iṣẹ́ akin kí wọ́n tó gbà á. Àgbàlagbà ni Ifá ní kí ó yí ìwà rẹ̀ padà. Ọmọ ni o ń rán ní gbogbo iṣẹ́ nínú ìwé rẹ.

Yèyé Ìdẹ̀nà

Ọmọ mi, mo kí ọ. Kétu ni èmi náà wà, nígbà tí mo sì ka ti iná ọjà yẹn, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé ilé ni o ti mú un láì mọ̀. Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú wa? Nígbà tí àwọn baba wa dé ibí yìí pẹ̀lú ọba wa, Alákétu Ẹ̀dẹ, wọn kò ní iná. Obìnrin arúgbó kan tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, tí í ṣe ọmọ ẹ̀yà Fọn, ni ó fún wọn ní iná. Àlejò ni àwa. Iná àjòjì ni a fi se oúnjẹ wa àkọ́kọ́. Nínú ìtàn kan náà ni ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi wa nígbà tí a wà ní kékeré ti wá: "Ta ní í tú iké? Ta ní í tú ìlú wa?" Iké tí àwọn ọmọ aláìgbọ́n ń fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó ni ìlú odindi fi ń yangàn pé òun kò ní í tú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì tú. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì wó Kétu palẹ̀, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú wa, sì wà níbẹ̀ tí kò ní ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú kọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kò sí ìdílé kan ní Kétu yìí tí kò tíì jẹ́ aláìnílùú rí, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tí ń wo ẹlòmíràn ní ìwò àtàrí wo ẹsẹ̀. Ìgbàgbé ni ó ń bí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, aláìlójìji ni yóò ti fún Ìdí-Iná ní iná wọn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìdílé tí ń tọ́jú iná ni yóò sì mọ̀ ọ́n, wọn a sì máa bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ó bá di ọ̀nà tí àṣírí náà yóò gbà tú, ilé náà ni kí o tún wò. O mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, eégún onígi tí a fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó wà lára ohun àjogúnbá ńlá ti gbogbo ayé. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò àwọn igi tí wọ́n gbé sórí lọ́sàn-án, wọn a sì sùn lóru, nígbà tí ó jẹ́ pé òru ni ọ̀rọ̀ wà. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde sí ọjà, tí akọrin á dúró láàárín ìlú tí yóò sì fi orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ní gbangba: ìjòyè tí ó jẹ owó, ìyàwó ilé tí ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò sọ, ìlú yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yóò sì gbé e mì. Fún Ìdí-Iná ní irú òru bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí Àṣàkẹ́ jáde lábẹ́ aṣọ àti igi tí a gbẹ́, kí ìlú fẹ́ràn ohùn rẹ̀, kí wọ́n máa gbè é lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó ń kọrin. Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni í gbé e lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ayé tìrẹ ni, àwọn ìyá wa kò ní í bá ọ wí.

Ọmọ Òkè Sábẹ̀ẹ́

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé àti fún Olùkọ́. Ìmọ̀ràn Yèyé dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aláìlójìji ni ó fún ìlú ní iná, a jẹ́ pé a kàn gba iṣẹ́ akin lọ́wọ́ Àṣàkẹ́, a sì gbé e lé baba ńlá rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ńkọ́? Ìbéèrè tí ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé bi í ṣì wà nílẹ̀ bí ó ti wà. Ohùn orin náà bákan náà ni: bí ohùn rẹ̀ bá há, ṣé kí wọ́n lé e padà sínú igbó ni?

Àwọn ọmọ Baàtọ́nù tí Olùkọ́ mẹ́nu bà, ìtàn wọn kò parí sí ọwọ́ àwọn Fúlàní. Èdè Fúlàní ni wọ́n gbọ́ dàgbà, wọ́n sì dàpọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n jẹ́ ẹrú àti ọmọ ẹrú, títí gbogbo wọn fi di ẹ̀yà kan tí à ń pè ní Gando lónìí. Wọ́n ní abúlé tiwọn, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin màlúù. N kò ní í bu oyin sí i fún yín: iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà wọ́n gbà wọ́n fún, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó lè sọ ọ̀rọ̀ níbi tí àwọn olówó ẹrú jókòó sí. Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹnìkan láàárín ara wọn, láìdúró de ìgbà tí ilé tí ó jù wọ́n nù yóò wá bẹ̀ wọ́n.

Nítorí náà, oníyọ̀ rẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí o kọ, o sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo lé e lọ. Ẹni tí kò ní ìlú, tí ń ta iyọ̀, ó mọ gbogbo ìlú, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àwo tí ó jẹun nínú rẹ̀. Kí ló dé tí Àṣàkẹ́ fi ní láti padà? Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn òkè ni ó gba àwọn baba wa nígbà tí ogun dé. Ẹni tí ó sá gun òkè bá ẹni tí ó ti sá síbẹ̀ ṣáájú, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè òjìji. Jẹ́ kí wọ́n tẹ abúlé kan dó.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. N kì í kọ ìtàn, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, nítorí pé àfín ni ọmọ mi kejì.

Òǹkọ̀wé, ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ìlú kórìíra Àṣàkẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú wa rí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á ní kí n má ṣe fún un ní iyọ̀ jẹ, bí ẹni pé iyọ̀ ni ó ń sọ ara rẹ̀ di pípọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀: ara rẹ̀ kò ní èròjà tí ń sọ awọ dúdú, tí í dáàbò bo awọ, nítorí náà aṣọ alápá gígùn àti fìlà etí fífẹ̀ ni mo ń fi ṣọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ àfín. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, wọ́n ní kò fẹ́ kàwé. A mú un lọ sí òmíràn, wọ́n gbé e wá síwájú pátákó, ó sì ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan wà tí wọ́n á kúnlẹ̀ kí i ní ọmọ Ọbàtálá, tí wọ́n á fọwọ́ kan orí rẹ̀ kí ọjà wọn lè tà. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pè é ní ti òrìṣà kì í jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bá a ṣeré. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ìlú tí ẹ ní kí Àṣàkẹ́ lọ, tí wọ́n ti ń fi àìlójìji ki ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó rí i pé ibẹ̀ náà kò fara rọ. Wọ́n lè gbé e sórí àga títí kò fi ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bi mí ìgbà tí mo mọ̀ pé àdúgbò ti gba ọmọ mi. Ọjọ́ tí òun àti ọmọ aládùúgbò jà nítorí bọ́ọ̀lù ni, tí ìyá ọmọ náà jáde, tí kò bèèrè ẹjọ́, tí ó sì gbá àwọn méjèèjì létí bákan náà. Inú bí mi, mo sì wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Wọn kò ṣe ayẹyẹ kankan, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ẹ̀mí mímọ́ lọ́jọ́ náà.

Òǹkọ̀wé Kétu

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìyá mi ní Àjàṣẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo tún padà wá kà á. Ohun kan ṣì ń ta kókó fún mi. Bí iṣẹ́ akin kò bá gbọdọ̀ jẹ́ owó tí ó fi ra ipò, ṣé kí n yọ Ajójìji kúrò nínú ìwé náà pátápátá? Òun ni àwọn ọ̀dọ́ tí mo kà á fún fẹ́ràn jù, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Má yọ ọ́. Ìtàn ayé mìíràn tí kò ní ẹranko nínú, ọmọ wo ni yóò jókòó gbọ́ ọ? Mú un kúrò ní ìparí, kí o gbé e sí àárín. Jẹ́ kí Àṣàkẹ́ pa Ajójìji, kí ọba dúpẹ́, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ níwájú gbogbo ìlú. Lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, kí ìyàwó ọba mú àwo náà lọ sẹ́yìn ilé, kí ó fọ́ ọ. Kí Àṣàkẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìtàn rẹ gan-an yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí òun lè ṣe tí yóò tó.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, mo gba àtúnṣe yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ Òkè, ohun tí ó kù nínú àríyànjiyàn rẹ ni pé o dá ìlú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí gbogbo aláìlójìji bá kó lọ sí orí òkè, Ìdí-Iná kò ní gbèsè kankan tí yóò san, iná wọn á máa jó, wọn a sì máa mú ọmọ ọdún 7 mìíràn wá síwájú rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Rántí ìtàn inú odù Ọ̀sẹ́tùrá nínú Ifá. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin tí Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe pa Ọ̀ṣun tì, wọn kò pè é sí ìgbìmọ̀ kankan. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé forí ṣánpọ́n, òjò kọ̀, aboyún kò bí wẹ́rẹ́, títí wọ́n fi padà lọ bá Olódùmarè, tí ó sì bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn ńkọ́. Ọ̀ṣun kò wá síwájú wọn láti fi ohun tí òun lè ṣe hàn. Àwọn ni wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, kò sì tètè gbà.

Ọmọ Òkè Sábẹ̀ẹ́

Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun ní agbára tí ó lè dá òjò dúró. Ọmọ ọdún 13 kò ní in. Bí a kò bá ṣọ́ra, a ó tún padà sórí pé ìlú gbà á nítorí pé ìyà jẹ wọ́n láìsí i. Bí àwọn ará Ìdí-Iná yóò bá wá bẹ̀bẹ̀, mo fẹ́ kí ó jẹ́ nítorí ọmọ tiwọn: kí ọmọ ìdílé tí ń tọ́jú iná dé iwájú iná, kí ògiri mọ́ kedere, kí bàbá rẹ̀ gbé e lóru ọjọ́ náà gun òkè wá sí abúlé tí wọ́n ti ń ta iyọ̀. Ní ẹnubodè ni kí wọ́n ti pàdé Àṣàkẹ́.

Yèyé Ìdẹ̀nà

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́, o ti ṣẹ́gun mi lórí ti baba ńlá. N kò ní í bá ọ jiyàn lórí rẹ̀ mọ́. Òru Ẹ̀fẹ̀ mi nìkan ni kí ẹ má gbà lọ́wọ́ mi. Bí kì í bá ṣe Àṣàkẹ́ ni yóò kọrin, kí ó jẹ́ ará ìlú kan tí ó ní òjìji, tí ó ti fọ́ àwo rí, kí ó fi orin sọ ọ́ jáde níwájú àwọn tí wọ́n jọ fọ́ ọ. Ìtìjú rẹ̀ ni, kí òun fúnra rẹ̀ rù ú.

Òǹkọ̀wé Kétu

Mo ti tún àwọn orí náà tò lánàá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo dé dúró. Oyè ti kúrò níbẹ̀. Ajójìji kú ní àárín ìwé, àwo fọ́ lẹ́yìn ilé gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ti wí, Àṣàkẹ́ sì bá oníyọ̀ lọ láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ọba tí ó fọ́ àwo ni yóò kọrin lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀, Yèyé. Mo rò pé ẹ ó fẹ́ràn bí ọjà ṣe pa rọ́rọ́ nígbà tí ó lanu. Bàbá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ gun òkè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àṣàkẹ́ kò dárí jì í, kò sì lé e. Ó bi í bóyá ó mọ bí a ti ń fọ́ iyọ̀, nítorí pé ọ̀la ni ọjọ́ ọjà wọn.

Ìjà kan wà nínú orí tí ó kẹ́yìn, láàárín Àṣàkẹ́ àti ọmọbìnrin kan ní abúlé náà lórí ìwọ̀n iyọ̀ tí kò pé, oníyọ̀ sì bá àwọn méjèèjì wí. Ìyá mi ní Àjàṣẹ́ mọ ibi tí mo ti rí i. Iwin tí ń jẹ ohùn nìkan ni n kò tíì mọ ibi tí n ó fi sí, nítorí pé lẹ́yìn gbogbo àtúntò yìí, kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Mo ń rò ó pé kí ó wà lọ́jà ní òru Ẹ̀fẹ̀ náà, kí ebi máa pa á, kí ó sì kọ̀ láti jẹ ohùn ìyàwó ọba. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i pé kò bá a mu, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi kí n tó kọ ọ́.